Bí A Ṣe Ń Pàṣẹ Nínú Kọ̀nténà, àti Irú Ìléru Núkílíà Tó Lè Bá Wa Mu

  Láti Owódé Ẹ̀gbá ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo ti kọ gbogbo àṣẹ tí mo dárúkọ sórí ìlà tiwọn, kí ẹ lè rí wọn dáadáa.

Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Àkọ́kọ́: báwo ni èèyàn ṣe ń wọnú kọ̀nténà orí kọ̀ǹpútà láti pàṣẹ níbẹ̀, ṣé ó sì yẹ kó máa tún nǹkan ṣe níbẹ̀? Ìkejì: àwọn ìléru núkílíà tuntun tí ayé ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, ṣé wọ́n sàn ju ti àtijọ́ lọ, ṣé wọ́n sì lè wúlò fún wa ní Nàìjíríà?

Ẹ lè máa ronú pé kí ló pa méjèèjì pọ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí a bá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣe nígbà tí ojú wa kò tó o, ìgbà tí a ń kọ́ ọ ni ká ti fi sí i lára. Ibẹ̀ ni ìdáhùn méjèèjì ń lọ.

Kí ni kọ̀nténà gan-an?

Ẹ dúró lẹ́bàá títì Èkó sí Ìbàdàn, ní Mowé tàbí Ìbàfò, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé wa yìí, ẹ ó rí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ru kọ̀nténà láti èbúté Àpápá. Awakọ̀ kò ní láti mọ̀ bóyá táyà ló wà nínú rẹ̀ tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìwọ̀n àpótí náà ti bá ọkọ̀ mu, ó sì bá ẹ̀rọ agbẹ́rù mu. Ní oṣù kẹrin ọdún 1956 ni ọ̀gbẹ́ni Malcom McLean fi ọkọ̀ ojú omi Ideal X kó kọ̀nténà 58 láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ èbúté ti yí padà.

Èrò yẹn ni àwọn oníkọ̀ǹpútà yá. Nígbà tí Docker jáde ní 2013, ó sọ ọ́ di ohun tó rọrùn láti di ètò kọ̀ǹpútà kan àti gbogbo ohun tó nílò sínú àpótí kan. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín ní Owódé, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ lórí server ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àmọ́ kọ̀nténà kì í ṣe odidi kọ̀ǹpútà. Ẹ fi wé ilé ayálégbé oníyàrá púpọ̀. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, kò rí yàrá ẹnìkejì, ṣùgbọ́n òrùlé kan ló bo gbogbo wọn, kànga kan ni wọ́n sì ń pọn. Òrùlé àti kànga yẹn ni kernel Linux, èyí tí gbogbo kọ̀nténà orí ẹ̀rọ náà jọ ń lò. Ìdí nìyí tí kọ̀nténà fi ń tètè dìde, tí kò sì gba àyè púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù ká tó dé ìdí àṣẹ: ìyàtọ̀ tó wà láàárín image àti kọ̀nténà. Àwa Ẹ̀gbá kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Image ni ìyẹ̀fun láfún tó wà nínú àpò. Kọ̀nténà ni láfún tí ẹ ti rò sínú ìkòkò. Inú àpò kan náà ni ẹ ti lè ro ìkòkò mẹ́wàá. Bí ẹ bá wá bu iyọ̀ sínú ìkòkò kan, ìyẹ̀fun inú àpò kò mọ nǹkan kan nípa iyọ̀ yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Àwọn àṣẹ náà

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn kọ̀nténà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́:

docker ps

Yóò to orúkọ wọn fún yín. Ká ní ọ̀kan ń jẹ́ oja, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àpò fáìlì /app tirẹ̀:

docker exec oja ls /app

Àṣẹ náà wọlé, ó ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì jáde. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó sínú rẹ̀ kí ẹ máa pàṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan:

docker exec -it oja sh

Lẹ́tà i ń jẹ́ kí ohun tí ẹ ń tẹ̀ máa dé inú kọ̀nténà. Lẹ́tà t ń ya ojú terminal sọ́tọ̀ fún yín níbẹ̀. Ohun tó gbẹ̀yìn, ìyẹn sh, ni ètò tó ń gba àṣẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ bash síbẹ̀, wọ́n á sì rí i pé kò sí. Àwọn image kéékèèké bíi Alpine kì í kó bash dání, sh ni wọ́n ní. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ tẹ exit. Kọ̀nténà kò ní kú torí pé ẹ jáde.

Níbi tí mo ti ń rí i tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ máa ń sọnù jù ni ìyàtọ̀ láàárín docker run àti docker exec. Docker run máa ń ro láfún tuntun láti inú àpò. Docker exec máa ń wọ ìkòkò tó wà lórí iná tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá lo run nígbà tó yẹ kí ẹ lo exec, ìkòkò mìíràn ni ẹ ó ṣí, ẹ ó sì máa wá ohun tó wà nínú ti àkọ́kọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Exec kì í ṣiṣẹ́ bí kọ̀nténà náà bá ti kú. Bó bá jẹ́ pé ikú rẹ̀ gan-an ni ẹ ń wádìí, ẹ bi í ní ohun tó sọ kó tó kú:

docker logs oja

Ẹ tún kíyè sí ẹni tó ń túmọ̀ àṣẹ. Ká ní ẹ fẹ́ mọ ohun tí HOME jẹ́ nínú kọ̀nténà. Bí ẹ bá kọ docker exec oja echo $HOME, kọ̀ǹpútà tiyín ni yóò ti fi HOME tirẹ̀ dí i kí ọ̀rọ̀ náà tó wọlé. Ẹ fi àmì yìí dè é kó lè dé inú lódidi:

docker exec oja sh -c 'echo $HOME'

Ọgbọ́n kan náà lè wá ṣe yín lóore. Ẹ wo àṣẹ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé ìṣirò láti inú kọ̀nténà PostgreSQL:

docker exec oja-db pg_dump -U postgres oja > oja.sql

Àmì > yẹn, kọ̀ǹpútà tiyín ló mú un. Nítorí náà, ìta ni fáìlì oja.sql bọ́ sí, ibi tó yẹ kó wà gan-an. Ẹ má fi lẹ́tà t kún àṣẹ yìí o, torí ó máa ń yí òpin ìlà padà nínú fáìlì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Kubernetes, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ kàn rántí àmì méjì tó ṣáájú àṣẹ:

kubectl exec -it oja -- sh

Ṣé ó yẹ ká máa tún nǹkan ṣe níbẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Ká ní oníléeṣẹ́ ìrẹsì kan ní Ọ̀fàdà ní ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó. Nǹkan bàjẹ́ lálẹ́. Ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà wọnú kọ̀nténà, ó yí ìlà kan padà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ padà. Gbogbo wọn dúpẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀dà tuntun sókè. Wọ́n yọ kọ̀nténà àtijọ́ dànù, wọ́n ro òmíràn láti inú image. Ìlà tí ọmọ yẹn yí padà ti lọ. Iyọ̀ inú ìkòkò ni, kì í ṣe ti inú àpò.

Bí wọ́n bá sì tọ́jú orúkọ àwọn ajigbèsè náà sínú kọ̀nténà láìsí volume, ìyẹn ibi ìpamọ́ tó wà lẹ́yìn òde kọ̀nténà, gbogbo gbèsè yẹn náà ti lọ nìyẹn. Ẹ bá mi fi ojú inú wo oníṣòwò tí kò mọ ẹni tó jẹ ẹ́ mọ́ lọ́sẹ̀ ìkórè.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Bí ẹ bá dá kọ̀nténà dúró, tí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ yí padà ṣì wà. Ìgbà tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò pẹ̀lú docker rm ló ń lọ pátápátá. Ìdí nìyí tí àṣìṣe náà fi ń lúgọ fún oṣù méjì kó tó yọjú. Àṣẹ kan wà tó ń tú u fó:

docker diff oja

Yóò to gbogbo fáìlì tó ti yàtọ̀ sí ti image: A fún èyí tí a fi kún un, C fún èyí tí a yí padà, D fún èyí tí a pa rẹ́. Bí ẹ bá rí ohun tí ẹ kò retí níbẹ̀, ẹ ti mọ iṣẹ́ tó kàn.

Òfin tèmi rèé. Ẹ wọlé láti wò, láti wádìí, láti mú ẹ̀dà jáde. Bó bá di àtúnṣe, inú Dockerfile ni kí ẹ lọ, ìyẹn ìwé tó sọ bí a ṣe ń ṣe image náà. Ẹ tún un ṣe níbẹ̀, ẹ kọ́ image tuntun, ẹ sì ro kọ̀nténà tuntun. Ẹ fi dátà sínú volume. Ẹ má sì fún gbogbo èèyàn ní àṣẹ Docker. Ìwé ìlànà Docker fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ docker lórí ẹ̀rọ ní agbára bíi ti root, onílé gbogbo ẹ̀rọ náà.

Àwọn kan tilẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń kọ́ image tí kò ní sh rárá, irú èyí tí a ń pè ní distroless. Bí ẹ bá ní kí ẹ wọlé, kò sí ẹni tí yóò gba àṣẹ yín. Ó lè bí èèyàn nínú lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ kò rí wọlé, olè náà kò rí i. Lórí Kubernetes, kubectl debug lè gbé kọ̀nténà olùrànlọ́wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ fi ṣe ìwádìí. Ẹni tó kọ́ irú image bẹ́ẹ̀ ti pinnu pé òun kò ní gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ tí yóò wá tún un ṣe ní ọ̀gànjọ́ òru.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé ìpinnu yẹn lọ sí ibi tí àṣìṣe ọ̀gànjọ́ òru ti burú ju orúkọ ajigbèsè tó sọnù lọ.

Ìléru núkílíà: ìṣòro méjì

Ní Ẹgbìn, ní Ìkòródù, gáàsì ni wọ́n ń sun láti fi hó omi, ooru omi náà sì ń yí ẹ̀rọ tó ń mú iná mànàmáná wá. Iṣẹ́ kan náà ni ìléru núkílíà ń ṣe, àyàfi pé fífọ́ átọ́ọ̀mù uranium ló ń mú ooru tirẹ̀ wá. Ohun tín-ín-tín kan tó ń jẹ́ neutron a kọlu átọ́ọ̀mù, átọ́ọ̀mù a fọ́, ooru a jáde, neutron mìíràn a sì fò jáde lọ fọ́ òmíràn.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni kí fífọ́ yẹn má sáré kọjá bó ṣe yẹ. Èyí ló ṣẹlẹ̀ ní Chernobyl ní 1986: bí omi inú ìléru náà ṣe ń di ooru, ńṣe ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ìṣòro kejì ni pé ìléru núkílíà kì í tutù lójú ẹsẹ̀ tí a bá pa á. Gẹ́rẹ́ tí a bá pa á, ooru bí ìdá mẹ́fà sí méje nínú ọgọ́rùn-ún ti àtẹ̀yìnwá ṣì ń jáde lára rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ rí omi tí yóò tù ú. Ní Fukushima ní Japan ní 2011, àwọn ìléru náà kú bó ṣe yẹ nígbà tí ilẹ̀ mì. Àmọ́ iná ìta lọ, ìgbì òkun sì bo àwọn jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ìtutù dúró, ìléru mẹ́ta sì yọ́. Àwa tí a mọ ohun tí jẹnẹrétọ̀ lè fi ojú èèyàn rí lóru, a mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń yin irú ìléru mìíràn fún mi, mi ò ní bi í bóyá tuntun ni. Ohun tí mo máa bi í ni pé: bí iná bá lọ, tí òṣìṣẹ́ sì sá, kí ni yóò ṣe?

Ìléru tó mọ ara rẹ̀ í tù

Kì í ṣe àlá. Ní 1972, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé rí i pé uranium tó wá láti Oklo ní Gabon kò pé bó ṣe yẹ. Wọ́n wádìí, wọ́n sì rí i pé ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn, ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ti di ìléru núkílíà. Omi inú ilẹ̀ ló ń dẹ eré neutron kí wọ́n lè fọ́ átọ́ọ̀mù. Bí ibẹ̀ bá gbóná jù, omi a hó lọ, iṣẹ́ a dúró. Bó bá tutù, omi a padà, iṣẹ́ a tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó tẹ bọ́tìnì kankan, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún.

Àwa náà ní ìléru kan ní Nàìjíríà. NIRR-1 ni orúkọ rẹ̀, ó wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, 2004 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò mú iná wá o. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílówáàtì 30 lọ, ìwádìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń fi í ṣe. Ìwà tirẹ̀ náà ni pé bó bá ṣe ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ inú rẹ̀ ń dẹwọ́. Ní 2018, wọ́n yọ epo rẹ̀ àtijọ́, èyí tó lágbára débi tí ayé ń bẹ̀rù kó má bọ́ sọ́wọ́ ẹni burúkú, wọ́n dá a padà sí Ṣáínà, wọ́n sì fi èyí tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Àwọn tó wà lórí àtẹ

Ọ̀kan ni èyí tó ń lo epo bíi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì. Wọ́n fi graphite wé uranium, afẹ́fẹ́ helium sì ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀. Ṣáínà ní irú rẹ̀ tó ń jẹ́ HTR-PM ní ìpínlẹ̀ Shandong, mẹ́gáwáàtì 210, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òwò ní ìparí 2023. Ní ọdún náà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa ohun tó ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì ń wò ó. Ó tutù fúnra rẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ti náwó sí irú ìléru yìí kan náà ṣáájú, lábẹ́ orúkọ PBMR, ṣùgbọ́n ìjọba wọn dá owó dúró ní 2010.

Òmíràn ni èyí tí epo rẹ̀ wà nínú iyọ̀ yíyọ́. Oak Ridge ní Amẹ́ríkà lo ọ̀kan láti 1965 sí 1969. Wọ́n fi iyọ̀ dídì dí ojú páìpù kan nísàlẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì ń mú kó máa dì. Bí iná bá lọ, iyọ̀ náà á yọ́, epo á sì ṣàn lọ sínú àgbá tó ti máa tutù. Àǹfààní mìíràn ni pé kò nílò ìfúnpá ńlá bíi ti olómi. Ìpalára rẹ̀ ni pé iyọ̀ gbígbóná máa ń jẹ irin. Irú ìléru yìí ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ thorium, tó pọ̀ nínú ilẹ̀ ju uranium lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: thorium kì í dá jó. Neutron gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ di uranium-233.

Ẹ̀kẹta ni àwọn kékeré, tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó, bíi kọ̀nténà gan-an. Rọ́ṣíà gbé méjì, mẹ́gáwáàtì 35 lọ́kọ̀ọ̀kan, sínú ọkọ̀ ojú omi Akademik Lomonosov, ó sì ń fún ìlú Pevek níná. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí NuScale fẹ́ ṣe fún àwọn ìlú kan ní Utah àti àyíká rẹ̀ dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá 2023, nítorí owó rẹ̀ ń gòkè ṣáá. Kékeré kò túmọ̀ sí pé ó pọ́ọ́kú.

Tiwa ńkọ́?

Láti 1976 ni òfin ti dá àjọ átọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní Nàìjíríà, 2006 ni wọ́n sì tó jí i sí iṣẹ́. Ní 2017, ìjọba bá Rosatom ti Rọ́ṣíà fọwọ́ sí ìwé lórí kíkọ́ ilé iṣẹ́ iná núkílíà. Geregu ní Kogi àti Itu ní Akwa Ibom ni wọ́n dárúkọ.

Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò. Irú èyí tí Rosatom ń kọ́ sí El Dabaa ní Íjíbítì, mẹ́gáwáàtì 1,200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo iná tí okùn iná orílẹ̀-èdè wa máa ń gbé kì í sábà kọjá 4,000 sí 5,000 àti díẹ̀. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá okùn iná lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ yẹn bá kú lójijì, òun nìkan yóò fa gbogbo yòókù lulẹ̀. Okùn iná wa sì ti ń dà wó lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìléru núkílíà kankan, ẹ rántí 2024. Ní Ẹgbìn, mẹ́gáwáàtì 220 ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fà. Ìwọ̀n tí okùn wa lè gbé nìyẹn.

Nítorí náà, èmi rí i pé àwọn kékeré tó mọ ara wọn í tù ló bá wa mu ju àwọn ńlá lọ, bí a bá tilẹ̀ máa ṣe é rárá. Ṣùgbọ́n kí a tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ ká bi olùtajà. Bí iná bá lọ lóru, tí kò sí èèyàn níbẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ìwọ̀n rẹ̀ ha bá okùn iná wa mu? Níbo ló ti ń ṣiṣẹ́ lónìí, tí a lè lọ fojú ara wa rí? Ta ni yóò sì gba epo tó ti lò tán, tí oró rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún?

Ẹ̀yin oníkọ̀nténà, ẹ bi ara yín ní tiyín lálẹ́ òní. Bí ẹnì kan bá yọ kọ̀nténà yín dànù ní báyìí, kí ni yóò bá a lọ? Ẹ lo docker diff, ẹ wo volume yín, ẹ ṣe ẹ̀dà kan síta. Bí ẹ bá rí ohun tó rú yín lójú níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ètò tó ń bọ̀.